Má kàn dárúkọ àìsàn rẹ fún wọn: bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ṣe ń béèrè ìrànwọ́ ní yunifásítì

Ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo ṣe ní yunifásítì, bébà ìbéèrè tí wọ́n gbé fún mi fẹ́ bí ẹní. Lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi débi pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn mi lè kà á láti orí àga rẹ̀. Inú ẹni tó gbé e wá dùn. Ó ní, "A ti ṣe tìrẹ lọ́tọ̀ o." Mo dúpẹ́. Mo tẹ bébà náà sórí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ojú mi ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà míì, ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Kí n tó ka ìbéèrè kan dópin, mo ti gbàgbé bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì ni ìdánwò náà. Ìbéèrè méjì péré ni mo dáhùn nínú márùn-ún.

Mi ò lè bínú sí ẹni tó gbé bébà náà wá. Lẹ́tà dókítà tí mo mú lọ sí ọ́fíìsì wọn kò ju ìlà mẹ́ta lọ: orúkọ mi, orúkọ àrùn ojú mi, àti gbólóhùn kan pé n kò ríran dáadáa. Ẹni tó kà á rò ó bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa rò ó, pé kí wọ́n sáà sọ ìwé di ńlá fún un.

Retinitis pigmentosa ni wọ́n ń pe àrùn náà. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ń kọ́kọ́ jẹ, kì í ṣe àárín. Ká bébà kan bí ọ̀pá, kí o wá fi ojú kan yọjú wo ayé láti inú rẹ̀: bí mo ṣe ń ríran nìyẹn. Àárín mọ́ kedere, mo lè ka lẹ́tà tín-tìn-tín orí fóònù. Ohun tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì kò sí níbẹ̀ rárá. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, ó tán fún mi. Fún irú ojú báyìí, bí lẹ́tà bá ṣe ń tóbi sí i ni iye tó ń wọlé gba ihò kékeré náà ń dín kù. Lẹ́tà tí gbogbo èèyàn ń kà ló dára fún mi, pẹ̀lú iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa lórí tábìlì, àti àkókò díẹ̀ sí i, torí mo máa ń wá ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn tì. Nǹkan mẹ́ta. Kò sí ẹni tí mo sọ ọ̀kankan fún nínú wọn.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sí ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé nìyẹn. Orúkọ àìsàn kì í ṣe ìbéèrè. Iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe, ibi tó ti ń há fún ọ, àti ohun tó máa tú u: ìyẹn ni ìbéèrè. Láti ìgbà tí mo ti jáde, mo ti bá àwọn àbúrò mélòó kan jókòó láti kọ tiwọn, adití wà nínú wọn, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ wà nínú wọn, àwọn tí ìpèníjà wọn kò hàn sójú náà wà níbẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa gbà.

Kí o tó wọlé

Nílé ẹ̀kọ́ girama, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ màmá rẹ tàbí olùkọ́ kan ló ń gbẹnu sọ fún ọ. Wọ́n á fi ọ́ sí ìjókòó iwájú, ẹnì kan á ka ohun tó wà lójú pátákó fún ọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Yunifásítì kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó máa wá ọ kiri. Ní Amẹ́ríkà, òfin ló ní kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wá ọmọ tó ní ìpèníjà rí, kí wọ́n sì ṣètò fún un. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti dé yunifásítì, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yọjú, kó sọ pé èmi rèé o, ohun tí mo nílò rèé. Bó ṣe rí nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ibi mìíràn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Bí lẹ́tà ìgbaniwọlé bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, wá ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà. Orúkọ tí wọ́n ń pè é kì í dọ́gba. Níbòmíì, kò sí ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ rárá, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ ni wàá lọ bá. Bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta: irú ìwé ẹ̀rí wo ni ẹ fẹ́ rí? Ọjọ́ wo ni ọjọ́ ìkẹyìn láti béèrè ètò ìdánwò? Ta ni kí n máa bá sọ̀rọ̀? Kọ ọ́ ránṣẹ́, má fi fóònù pè wọ́n. Bí a bá dé ibi tí wọ́n ti ń sọ pé rárá, wàá rí ìdí rẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ń lé ọ báyìí? Ìṣẹ́jú márùn-ún lè tó láti gba àyè ìjókòó iwájú. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò tí wọ́n fẹ́ sọ di Braille, ìyẹn ìwé tí àwọn afọ́jú ń fi ìka kà, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló máa ń gbà, torí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀, àwòrán wà, àmì wà, ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ògbufọ̀ èdè adití kì í sì í pọ̀ níbi kankan; ẹni tó bá tètè béèrè ló máa ń rí wọn gbà. Yàrá ìsàlẹ̀ ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í dúró de ẹnì kan.

Má ṣe é bí ẹni tó ń tọrọ àánú. Lọ́dún 2006 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà. Abala 24 rẹ̀ dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní tààràtà, ó ní kí ìjọba rí i pé wọ́n ṣe àtúnṣe tó bójú mu fún wọn níbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè sì ní òfin tiwọn: ti Amẹ́ríkà wà láti 1973 àti 1990, ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ti 2010, wọ́n sì buwọ́ lu ti Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2019. Wá ti ibi tí o wà, kí o kà á lẹ́ẹ̀kan, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò ní kí o máa fi òfin na ìka sí ẹni tó jókòó ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́, wọn ò kàn mọ bí wọ́n á ṣe ṣe é ni.

Bébà olójú mẹ́ta

Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí nìyí, ilé ni wàá sì ti ṣe é. Mú bébà kan, fa ìlà sí i kó pín sí mẹ́ta. Ní apá kìíní, kọ gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe láti òwúrọ̀ títí di alẹ́: láti rìn dé kíláàsì, láti gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ, láti ṣe àkọsílẹ̀, láti ka ìwé, láti ṣe iṣẹ́ láàbù, láti kọ ìdánwò, láti bá ẹgbẹ́ ṣe iṣẹ́ alápapọ̀, láti lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Má fo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní apá kejì, kọ ohun tó ń há fún ọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí, kọ "kò sí". Ní apá kẹta, kọ ohun tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ rí, tàbí èyí tí o rò pé ó máa ṣiṣẹ́.

Díẹ̀ nínú tèmi rèé, lẹ́yìn tí ojú mi ti là:

Kíka ìbéèrè ìdánwò. Mo máa ń sọ ìlà nù, lẹ́tà ńlá sì ń mú un burú sí i. Lẹ́tà tó wọ́pọ̀, àlàfo fífẹ̀ láàárín ìlà, iná orí tábìlì, àfikún àkókò.

Kíláàsì tó ń parí lálẹ́. Mi ò rí ọ̀nà nínú òkùnkùn. Kí wọ́n fi mí sí ẹgbẹ́ tó ń ṣe kọ́ọ̀sì náà lọ́sàn-án.

Wíwo pátákó. Mo lè kà á, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ń nawọ́ sí ibì kan tó sọ pé "ẹ wo èyí", kí n tó wá ibẹ̀ rí, ó ti kúrò níbẹ̀. Kó máa dárúkọ ohun tó ń nawọ́ sí.

Ṣé o rí i pé mi ò dárúkọ àrùn kankan? Ẹni tí kò gbọ́ ohunkóhun nípa ojú rí lè fi bébà yìí ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ adití, torí tirẹ̀ ló kọ́ mi pé ohun tó há kì í sábà jẹ́ ohun tí èèyàn rò. Wọ́n gba ògbufọ̀ fún un, gbogbo ayé sì rò pé ó parí. Kò parí. Bó bá ń wo ọwọ́ ògbufọ̀, kò lè wo ìwé tó ń kọ sí. Bó bá wolẹ̀ láti kọ nǹkan, ó ti pàdánù gbólóhùn méjì. Nítorí náà, ó nílò ẹlòmíì tó máa ṣe àkọsílẹ̀. Ògbufọ̀ kan ṣoṣo kò lè túmọ̀ fún wákàtí méjì gbáko, ọpọlọ á rẹ̀ ẹ́, àṣìṣe á bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì ló máa ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú síra. Àwọn ògbufọ̀ náà ní láti rí sláìdì olùkọ́ ṣáájú, torí kò sí àmì ọwọ́ tó wọ́pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, wọ́n ní láti jọ fẹnu kò lórí èyí tí wọ́n á lò. Fídíò tí olùkọ́ fi hàn kò ní ọ̀rọ̀ kíkọ nísàlẹ̀. Bí olùkọ́ bá sì paná kí sláìdì lè hàn dáadáa, ọwọ́ ògbufọ̀ wọ òkùnkùn. Ìgbà tó kọ gbogbo èyí sínú bébà olójú mẹ́ta ni ọ́fíìsì tó mọ̀ pé nǹkan mẹ́fà ló ń béèrè, kì í ṣe ọ̀kan.

Ti ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn nìkan. Wo àtòjọ àkókò kíláàsì rẹ: bí kíláàsì kan bá parí ní aago mẹ́wàá, tí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá náà ní ìkángun kejì ọgbà, kẹ̀kẹ́ kì í fò. Bí lífítì bá bàjẹ́, ta ni wàá pè, ibo ni kíláàsì máa kó lọ? Gba ìdáhùn yẹn sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tó máa bàjẹ́, torí ó máa bàjẹ́. Bí wọ́n bá sì sọ pé àwọn máa fi pákó ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́ fún ọ, sọ ìwọ̀n fún wọn: ìwọ̀n tí àwọn tó ń kọ́lé mọ̀ ni kí ó gùn tó ìlọ́po méjìlá gíga rẹ̀. Àtẹ̀gùn kan tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 nílò ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 180. Pákó kúkúrú tí wọ́n gbé dúró gangan sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó fẹ́ já lulẹ̀ ni í gun irú rẹ̀.

Ní ti àwọn tí ìpèníjà wọn kò hàn, ẹ̀yin gan-an ni bébà yìí wúlò fún jù, torí ẹ̀yin ni wọ́n máa ń sọ fún pé "ara rẹ kúkú le." Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè kọ ọ́ pé òun ní láti mú ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà àti nǹkan jíjẹ wọ yàrá ìdánwò, kí aago sì dúró nígbà tí òun bá ń tọ́jú ara òun. Ẹni tí wọ́n ń pe tirẹ̀ ní dyslexia, tí lẹ́tà máa ń fa òun sẹ́yìn bó tilẹ̀ jẹ́ pé òye rẹ̀ pé, lè béèrè kí kọ̀ǹpútà máa ka ìwé sí i létí, kí wọ́n má sì gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí sípẹ́lì níbi tí kì í ti í ṣe sípẹ́lì ni wọ́n ń dán wò. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń dá dúbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìròtẹ́lẹ̀ lè béèrè kí ọjọ́ tí wọ́n ń gba iṣẹ́ ṣe é sún. Àmọ́ kí òun náà dá iye ọjọ́ tó máa tó, kó sọ bó ṣe máa fi tó olùkọ́ létí. "Ìgbà tí ara mi bá yá" kò ṣeé kọ sínú ètò ẹnì kankan.

Bí bébà bá ti pé, òun ni kí o gbé lọ bá dókítà. Ọ̀pọ̀ dókítà kò mọ ohun tí yunifásítì ń wá. Wọ́n á kọ orúkọ àrùn àti òògùn rẹ, wọ́n á fi sítáǹpù sí i. Bẹ̀ ẹ́ kó kọ bí àrùn náà ṣe ń dí iṣẹ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, bóyá ó máa pẹ́ tàbí ó máa ń lọ tó máa ń bọ̀, àti àwọn àtúnṣe tó fara mọ́. Mi ò rí dókítà tó kọ̀ rí bí èèyàn bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ó kàn máa dà á kọ ni.

Ìdánwò

Àfikún àkókò ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè, wọ́n sì sábà máa ń fún èèyàn. Ìdá mẹ́rin àkókò ni wọ́n ń fi kún un níbòmíì, ààbọ̀ níbòmíì, àwọn kan a gba ìlọ́po méjì. Ìdánwò wákàtí méjì á di wákàtí méjì ààbọ̀, tàbí mẹ́ta, tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ronú dáadáa kí o tó gbà á. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ń dùn ọ́, jíjókòó fún wákàtí mẹ́rin kì í ṣe ìrànwọ́. Ohun tí ìwọ nílò ni ìsinmi tí aago máa dúró fún: kí o dìde, kí o nà, kí o padà wá bá ìṣẹ́jú rẹ níbi tí o fi í sí. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, dárúkọ èyí tí o fẹ́.

Èyí tí kò sí ẹni tó sọ fún mi rèé. Bí o bá ní ìdánwò méjì lọ́jọ́ kan, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, tí wọ́n sì fi ààbọ̀ kún un fún ọ, wákàtí mẹ́sàn-án ni wàá fi ṣe ìdánwò lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mi ò mọ ohun tí mo ń kọ mọ́. Bí àtòjọ ìdánwò bá ti jáde, wò ó lọ́jọ́ náà gan-an, kí o béèrè kí wọ́n sún ọ̀kan sí ọjọ́ mìíràn.

Bí ẹnì kan bá máa ka ìbéèrè fún ọ tàbí kó bá ọ kọ ìdáhùn, ẹ kọ́kọ́ jọ ṣe àṣedánwò. Kí ẹnu máa sọ kí ọwọ́ ẹlòmíì máa kọ, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ìwọ lo máa sọ ibi tí gbólóhùn parí sí, ibi tí ìpínrọ̀ tuntun ti bẹ̀rẹ̀, ìwọ lo máa ní kó ka ohun tó kọ padà sí ọ létí. Rí i pé ẹni náà mọ ọ̀rọ̀ inú kọ́ọ̀sì yẹn débi tó lè pe orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n débi tó máa máa sún ìdáhùn sí ọ lẹ́nu. Kí ẹ sì wà ní yàrá ọ̀tọ̀, torí ẹ máa sọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lo máa fi ṣe é, dán kọ̀ǹpútà náà gan-an wò ní ọjọ́ kan ṣáájú, kì í ṣe irú rẹ̀. Ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè lè ṣiṣẹ́ dáadáa nílé, kó wá yadi lórí ìkànnì ìdánwò torí pé wọ́n ti gbogbo nǹkan mìíràn pa. Ní tèmi, iná orí tábìlì ni. Mo máa ń gbé tèmi lọ, pẹ̀lú wáyà gígùn, mo sì ti máa wo ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà sílẹ̀.

Bí nǹkan bá sì daru lójú ibẹ̀ bíi ti bébà ẹní tèmi, má jókòó síbẹ̀ máa jìyà. Na ọwọ́ sókè. Sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò pé kì í ṣe ohun tí ẹ fọwọ́ sí nìyí, kí o ní kó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, kí o wo aago tí o sọ ọ́. Èmi dákẹ́, mo retí pé máàkì á sọ̀rọ̀ fún mi. Nígbà tí mo lọ ṣàlàyé lẹ́yìn tí èsì jáde, ohun tí wọ́n bi mí ni pé kí ló dé tí mi ò sọ lọ́jọ́ náà. Mi ò ní èsì.

Ìwé kíkà

Ìdajì ohun tí àwọn olùkọ́ máa fi ránṣẹ́ sí ọ ni PDF, apá púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ìwé, fọ́tò ìwé ni. Ẹnì kan ya ojú ewé láwòrán, ó tò ó pọ̀. Ojú tó pé á kà á. Ètò akàwé, èyí tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè, á débẹ̀, kò ní rí lẹ́tà kankan. Bí o ṣe máa dá a mọ̀: fi mouse gbìyànjú láti mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójú ewé náà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá gbà, ìwé ni. Bí gbogbo ojú ewé bá dìde lápapọ̀ tàbí tí ohunkóhun kò mì, fọ́tò ni. Ètò tí wọ́n ń pè ní OCR lè sọ fọ́tò di ọ̀rọ̀, ó sì dára bí fọ́tò bá mọ́. Bó bá jẹ́ èyí tó wọ́ tó sì ní òjìji ìka ẹni tó yà á, àṣìṣe á pọ̀ ju òótọ́ lọ. Dá a padà sọ́dọ̀ olùkọ́, béèrè fáìlì tó kọ́kọ́ tẹ̀.

Owó kò yẹ kó dí ọ lọ́wọ́ láti ní ètò akàwé. NVDA jẹ́ ọ̀fẹ́ fún kọ̀ǹpútà Windows; afọ́jú ará Ọsirélíà kan, Michael Curran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, torí pé èyí tó wà lọ́jà nígbà náà wọ́n gógó; James Teh, tí òun náà jẹ́ afọ́jú, sì dara pọ̀ mọ́ ọn. VoiceOver wà nínú iPhone láti 2009, TalkBack wà nínú Android. Àwọn tó ń fi ojú kàwé náà lè lò wọ́n bí ojú bá rẹ̀ wọ́n. Èmi náà ń lò ó báyìí tí ìwé bá ti ju ojú ewé mẹ́wàá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ máa ń ka Yorùbá bí ẹni tí wọ́n fi òkúta sí lẹ́nu.

Bí ilé ìkàwé bá sọ fún ọ pé òfin ẹ̀tọ́ oníwèé kò gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀dà tí o lè kà, béèrè bóyá orílẹ̀-èdè yẹn wà nínú Àdéhùn Marrakesh ti 2013. Ohun tí àdéhùn náà wà fún gan-an nìyẹn: kí wọ́n lè sọ ìwé di Braille, ohùn tàbí fáìlì tó ṣeé kà fún ẹni tí kò lè ka ìwé títẹ̀, láìdúró gba àṣẹ oníwèé. Mo ti rí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tó jẹ́ ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Lọ́dọ̀ olùkọ́

Ọ́fíìsì á fún ọ ní lẹ́tà tó sọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Kò pọn dandan kí orúkọ àìsàn wà nínú rẹ̀, olùkọ́ kò sì ní ìdí láti bi ọ́. Bó bá bi ọ́, o lè fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé ọ́fíìsì ti rí ìwé ẹ̀rí náà. Má rò pé lẹ́tà ọ́fíìsì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń sùn sínú ímeèlì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kọ èyí ránṣẹ́ fúnra rẹ, ní èdè tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ ń lò:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo wà nínú kíláàsì yín ti ọjọ́ Ajé. Ọ́fíìsì ti fọwọ́ sí ètò mẹ́ta fún mi, mo so lẹ́tà wọn mọ́ èyí. Ohun tó kàn yín ní tààràtà ni pé mo nílò sláìdì ní ọjọ́ kan ṣáájú kíláàsì. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni mo lè rí yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti sọ bó ṣe máa rọrùn fún yín? Ẹ ṣeun, sà."

Wàá rí i pé kò sí ẹ̀bẹ̀ gígùn níbẹ̀, kò sí ìtàn ìgbésí ayé. Ìbéèrè kan ló wà nínú rẹ̀, ó sì ní ìdáhùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ríra, kọ ohun tí ẹ sọ ránṣẹ́ padà sí i ní ìlà méjì: "Ẹ ṣeun fún ti òní. A jọ fẹnu kò pé..." Ìlà méjì yẹn ti gba èmi lọ́wọ́ ìjà.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ń yún yín láti pe olùkọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é. Ẹ jókòó ti ọmọ yín nígbà tó bá ń kọ lẹ́tà, kí ẹ jẹ́ kí orúkọ tirẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Bí wọ́n bá ní rárá

Ìdí kan wà tó bójú mu. Bí ohun tí o béèrè bá máa mú ohun tí wọ́n ń dán wò gan-an kúrò, wọ́n lè kọ̀. Ẹni tí wọ́n ń dán wò lórí bó ṣe lè ka èdè Faransé kò lè ní kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bó bá máa jẹ́ ẹrù tó ju agbára ilé ẹ̀kọ́ lọ lóòótọ́, ìyẹn náà wà nínú òfin. Ṣùgbọ́n "a ò ṣe irú rẹ̀ rí" kì í ṣe ìdí. Lọ́dún 1962, akẹ́kọ̀ọ́ ará Amẹ́ríkà kan, Ed Roberts, wọ yunifásítì ní Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi irin ṣe ló ń bá a mí lálẹ́, kò sì sí yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó gba ẹ̀rọ náà. Wọ́n fún un ní yàrá kan nínú ilé ìwòsàn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà kó máa sùn síbẹ̀. Wọn ò ṣe irú rẹ̀ rí.

"Kò ní dára fún àwọn tó kù" náà kì í ṣe ìdí. Dáhùn pẹ̀lú bébà olójú mẹ́ta rẹ. Béèrè èwo nínú ohun tí o kọ ni kò ṣeé ṣe, àti ohun tí àwọn lè fi rọ́pò rẹ̀. Ní kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí o má fi fóònù ṣe é nìyí: ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní ẹ̀dà. Bí o bá ní ímeèlì mẹ́rin tó ní ọjọ́ lórí, ẹni tó ga ju ọ́fíìsì yẹn lọ máa kà wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì máa mọ ẹni tó fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Wá ìlànà ìfẹ̀hónúhàn ilé ẹ̀kọ́ rẹ, wo iye ọjọ́ tí wọ́n fi sí i, torí àyè rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó pa dé. Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá wà, mú ẹnì kan dání lọ sí ìpàdé, kí ẹni yẹn máa kọ ohun tí wọ́n sọ.

Má gbàgbé láti tún un kọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ètò ìdánwò kì í fúnra rẹ̀ bọ́ sí sáà tó kàn, ìwọ lo máa béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ara náà sì máa ń yí padà. Ní ọdún kẹta mi, ihò tí mo ń gbà ríran ti kéré sí i, bébà àtijọ́ kò bá ojú mi mu mọ́. Mo kọ òmíràn. Ìlà tuntun kan ló wà nínú rẹ̀: "Rírìn dé ìjókòó mi nínú yàrá ìdánwò. Mi ò rí ibi tí àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀, mo ti ṣubú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Téèpù aláwọ̀ ìyeyè sí etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan." Ẹni tó gbé bébà ẹní fún mi lọ́jọ́sí ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ó kà á, kò bi mí ní ohunkóhun, ó sì lọ wá téèpù.